Bí Ẹ Ṣe Lè Bójú Tó Ẹni Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Ṣàn Nínú Ọpọlọ Rẹ̀ Tàbí Tí Kókó Ń Hù Lẹ́yìn Ojú Rẹ̀

Àìsàn méjì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn níbí, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan náà ni wọ́n sábà máa ń já sí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ yàtọ̀ síra gan-an. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn nínú agbárí, ìṣẹ́jú ni ẹ ó máa fi ka àkókò, nítorí pé agbárí kò ní àyè tó lè gba ohun mìíràn mọ́ ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì wọlé síbẹ̀ yóò máa fún ọpọlọ mọ́ eegun. Bí ó bá jẹ́ pé kókó ló ń hù lẹ́yìn ojú, ó sábà máa ń fúnni láyè ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan láti ṣe àyẹ̀wò tó péye, kí a sì gbọ́ tẹnu dókítà kejì, kí abẹ tó kan ara. Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń fi ìṣe èyí ṣe ti èkejì: wọ́n á ní kí ẹni tí orí ń fọ́ lójijì lọ sùn ná, wọ́n á sì fi ìbẹ̀rù sáré gbé ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń yọ síta díẹ̀díẹ̀ láti ọdún kan wá lọ sí ibi iṣẹ́ abẹ, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ irú kókó tó jẹ́. Ẹ fi ìtọ́sọ́nà yìí múra sílẹ̀. Kò lè rọ́pò dókítà tó fojú ara rẹ̀ rí aláìsàn.

Àmì tó ní kí ẹ sáré

Àmì tó lágbára jù lọ ni orí fífọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lójijì, tó sì dé ibi tó le dé láàárín ìṣẹ́jú kan, irú èyí tí aláìsàn máa ń sọ pé òun kò ní irú rẹ̀ rí láyé òun. Ọrùn lè le, èébì lè tẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ lè máa ni ojú lára, ẹlòmíràn á sì dákú. Títí dìgbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbà pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló ti bẹ́. Àwọn àmì yòókù ni kí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ lójijì, kí ẹnu wọ́, kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ mọ́ ènìyàn lẹ́nu, kí gìrì gbé ẹni tí gìrì kì í gbé tẹ́lẹ̀, tàbí kí oorun tí kò bójú mu máa gbé ènìyàn lọ lẹ́yìn tó fi orí gbá nǹkan.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún ẹni tó fi orí gbá, tó dákú díẹ̀, tó jí, tó sì ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Bí eegun ẹ̀gbẹ́ orí bá sán, ó lè ya iṣan ẹ̀jẹ̀ alágbára tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ á sì máa kóra jọ láàárín eegun àti awọ líle tó bo ọpọlọ. Fún wákàtí díẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe aláìsàn. Lẹ́yìn náà ni orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, á máa bì, á máa tòògbé, ọmọlójú rẹ̀ kan á sì fẹ̀ ju èkejì lọ. Ọmọlójú tó fẹ̀, tí kò sì sún kì nígbà tí wọ́n bá tan iná sí i, ń fi hàn pé ọpọlọ ti ń yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, ó sì ti ń tẹ iṣan tó ń darí ojú. Bí wọ́n bá tètè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé yàrá iṣẹ́ abẹ, ó wà lára àwọn tí ara wọn máa ń yá padà jù lọ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó sùn mọ́jú, ó lè má jí mọ́.

Ti àgbàlagbà tún yàtọ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, ọpọlọ máa ń sún kì díẹ̀, àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ó mọ́ awọ tó bò ó á sì nà, débi pé gbígbá orí mọ́ ilẹ̀kùn lásán lè já ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ náà á máa ro díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá lára ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ohun tí ẹbí á kàn máa rí ni pé bàbá tàbí ìyá ti ń gbàgbé nǹkan, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á sì ní ogbó ló dé. Ogbó kì í dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ìwà tàbí ìrìn àgbàlagbà bá yí padà láàárín àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, kódà bí kò bá rántí pé òun fi orí gbá ohunkóhun.

Ohun tí ẹ ó ṣe kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn

Ẹ kọ́kọ́ wo aago, kí ẹ sì rántí ìgbà ìkẹyìn tí ara aláìsàn ṣì dá ṣáṣá, nítorí pé orí wákàtí yẹn ni dókítà máa gbé ọ̀pọ̀ ìpinnu rẹ̀ kà. Ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Bí kò bá sí, ẹ wá ọkọ̀ tó tètè máa dé. Bí aláìsàn kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tó ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má bàa dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó ṣubú láti òkè tàbí pé ọkọ̀ gbá a, ẹ jẹ́ kí orí àti ọrùn rẹ̀ wà ní ọ̀gbọọrọ kan pẹ̀lú ara bí ẹ ṣe ń yí i.

Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ, omi tàbí oògùn kankan. Ó lè má lè gbé nǹkan mì dáadáa mọ́, wọ́n sì lè fẹ́ kun ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ láìpẹ́. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ aspirin ní pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ pé ó dára fún rọpárọsẹ̀. Rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà àti èyí tí ẹ̀jẹ̀ ṣíṣàn fà jọra lójú, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán dá wọn mọ̀ nínú ilé. Aspirin tó lè ran ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ á mú kí ti èkejì máa ṣàn sí i. Ẹ má sì ṣe fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Gbogbo oògùn tó ń lò ni kí ẹ dà sínú àpò kan kí ẹ sì gbé lọ. Bí ó bá ń lo warfarin, ọ̀kan lára oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọn á fún un ní fítámì K àti èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bí dabigatran bá ni, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn kan wà tó ń jẹ́ idarucizumab tó ń pa agbára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ kò lè ṣí orí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè dì láìkọ́kọ́ yanjú ìyẹn, nítorí náà páálí oògùn tí ẹ mú dání lè gba aláìsàn lọ́wọ́ ìdádúró wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ibi tí ẹ lè lọ bá ju ẹyọ kan lọ, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, àti oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni kí ẹ yàn.

Ohun tí oníṣẹ́ abẹ ń rò nígbà tó bá rí àwòrán

Àyẹ̀wò CT ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe, nítorí pé ó yá, ẹ̀jẹ̀ tuntun sì máa ń hàn funfun kedere nínú rẹ̀. Bí orí fífọ́ òjijì náà kò bá tíì ju wákàtí 6 lọ, agbára káká ni ẹ̀jẹ̀ tó wà láyìíká ọpọlọ fi máa sá mọ́ ẹ̀rọ CT tó dára lọ́wọ́. Bí ó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àwòrán kò sì fi nǹkan kan hàn, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti ọ̀pá ẹ̀yìn láti wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yìí débi pé wọ́n máa ń kọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀ ọ́.

Nọ́ńbà kan tún wà tí ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì, láti 3 sí 15. Graham Teasdale àti Bryan Jennett ló gbé òṣùwọ̀n yìí jáde ní ìlú Glasgow, ní Scotland, ní ọdún 1974, wọ́n sì ń fi í wo bí aláìsàn ṣe ń la ojú, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń gbé ara. Ẹni tó bá ní 15 mọ ara rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá wà ní 8 tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń nílò rọ́bà ní ọ̀fun láti dáàbò bo èémí rẹ̀. Ẹ máa béèrè nọ́ńbà náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ó ń sọ bí nǹkan ṣe ń lọ ju gbólóhùn “ó ń gbìyànjú” lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín eegun àti awọ líle, bí ó bá ti ju mílílítà 30 lọ, wọ́n máa ń gbé e kúrò láìka bí aláìsàn ṣe rí lójú sí: wọ́n á gé fèrèsé sí eegun, wọ́n á kó ẹ̀jẹ̀ dídì náà, wọ́n á dí iṣan tó ń ṣàn, wọ́n á sì dá eegun padà. Èyí tó wà lábẹ́ awọ líle, tó sì jẹ́ tuntun, bí ó bá nípọn ju mílímítà 10 lọ tàbí tó ti ti ọpọlọ kúrò láàárín ju mílímítà 5 lọ, iṣẹ́ abẹ náà ni; ṣùgbọ́n níbí ọpọlọ fúnra rẹ̀ sábà máa ń fara pa, nítorí náà wọ́n lè fi eegun sílẹ̀ láìdá a padà fún oṣù mélòó kan kí ọpọlọ tó wú lè rí àyè. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan orí aláìsàn rọ̀, kò sí eegun níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ó fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn, kí ó sì máa dé àkẹtẹ̀ ààbò nígbà tó bá ń rìn.

Ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ tí mo sọ pé ó ń ro díẹ̀díẹ̀ lára àgbàlagbà rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò kan tàbí méjì nínú eegun ti tó, ẹ̀jẹ̀ tó ti di omi á sì ṣàn jáde. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa fi rọ́bà síbẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí pé ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn, nǹkan bí 24 ni ẹ̀jẹ̀ tún padà sí lára nígbà tí kò sí rọ́bà, ṣùgbọ́n nígbà tí rọ́bà wà, nǹkan bí 9 péré ni. Láìpẹ́ yìí àwọn ibì kan tún ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ láti lọ dí ẹ̀ka tó ń bọ́ awọ náà, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa padà síbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn sínú ọpọlọ gan-an, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń fà, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro jù fún ẹbí láti lóye. Gbogbo ènìyàn á fẹ́ kí wọ́n “kó o jáde”. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà ní ìjìnlẹ̀ ọpọlọ, ọ̀nà tí oníṣẹ́ abẹ máa là kó tó dé ibẹ̀ á ba ọpọlọ tó ṣì dára jẹ́, ìwádìí ńlá tí wọ́n pè ní STICH, tó jáde ní ọdún 2005, kò sì rí i pé títètè ṣí orí sàn ju ìtọ́jú láìṣí i lọ ní gbogbogbòò. Ohun tó dára jù fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n rọra mú nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wá sí nǹkan bí 140, kí wọ́n dá agbára oògùn tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di omi dúró, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Bí dókítà bá sọ pé òun kò ní ṣe iṣẹ́ abẹ, kò túmọ̀ sí pé ó ti pa aláìsàn tì. Àwọn tí abẹ ń ràn lọ́wọ́ wà: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí nínú ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́, tó sì ń tẹ ibi tí èémí ti ń wá, kò gbọ́dọ̀ dúró rárá, ẹni tí tirẹ̀ sì wà nítòsí òde ọpọlọ, tí kò jìn sínú, lè jàǹfààní nínú ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń gba ihò tóóró wọlé láàárín wákàtí 24, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ENRICH ti ọdún 2024 ṣe fi hàn.

Bí ó bá jẹ́ aneurysm ló bẹ́

Aneurysm ni ibi tí ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ti rọ, tó sì wú bíi báálúù. Tí ó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á tàn káàkiri àyíká ọpọlọ, orí fífọ́ òjijì tí mo kọ́kọ́ sọ ni yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bẹ́ náà lè dí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè tún bẹ́, wákàtí 24 àkọ́kọ́ sì ni ewu yẹn pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ bíbẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń pa ènìyàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbìyànjú láti dí i láàárín ọjọ́ kan.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ṣí orí, kí wọ́n sì fi irin kékeré tí wọ́n ń pè ní clip fún ọrùn aneurysm náà pa, iṣẹ́ tí Walter Dandy kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1937. Èkejì ni kí wọ́n gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan tàbí ti ọrùn ọwọ́ wọlé, kí wọ́n sì fi wáyà pílátínọ̀mù tó rọ̀ tó ń ká kún inú rẹ̀. Guido Guglielmi ló gbé ìyẹn kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nínú ìwádìí ISAT tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2002, lára àwọn tí ọ̀nà méjèèjì bá mu, nǹkan bí 24 nínú 100 lára àwọn tí wọ́n lo wáyà fún ló kú tàbí tí kò lè dá ṣe nǹkan lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí ó jẹ́ nǹkan bí 31 lára àwọn tí wọ́n lo clip fún. Èyí kò wá túmọ̀ sí pé wáyà ló tọ́ fún gbogbo ènìyàn. Bí ọrùn aneurysm bá fẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá wà tó yẹ kí wọ́n kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, clip lè sàn jù, ó sì ṣeé ṣe kí clip pẹ́ láìní àtúnṣe ju wáyà lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé: “Èwo nínú méjèèjì ni aneurysm yìí bá mu, ṣé ẹ̀yin náà sì lè ṣe méjèèjì níbí?”

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí i, ọkàn ẹbí á balẹ̀, wọ́n á fẹ́ mú aláìsàn lọ sílé. Ẹ mú sùúrù. Láti nǹkan bí ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 14, ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣàn síta máa ń bí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ nínú, wọ́n á sì fún pọ̀, débi pé apá kan ọpọlọ lè má rí ẹ̀jẹ̀ tó. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fún aláìsàn ní nimodipine mílígíráàmù 60 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin fún ọjọ́ 21, tòru tọ̀sán. Bí wọ́n bá ti dá a padà sílé kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ fi aago sí i, kí ẹ máa jí i láàárín òru. Kò sí ìlò tí ẹ lè fò lára rẹ̀. Omi inú ọpọlọ náà lè má rí ọ̀nà ṣàn mọ́, èyí tó lè mú kí wọ́n fi rọ́bà sí i láti máa gbé e síta, tàbí kí wọ́n fi èyí tó máa wà lábẹ́ awọ títí láé.

Àmì tó hàn lójú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà nínú ọpọlọ

Kí n tó kan kókó ẹ̀yìn ojú, àwọn nǹkan mẹ́ta wà tí ènìyàn lè gbé lọ bá dókítà ojú lásán, tí wákàtí á sì ti lọ. Bí ìpéǹpéjú kan bá já bọ́ lójijì, tí ọmọlójú ibẹ̀ fẹ̀, tí aláìsàn sì ń rí nǹkan kan ní méjì, aneurysm tó ń wú lè máa tẹ iṣan ojú, ó sì lè jẹ́ ìkìlọ̀ ìkẹyìn kó tó bẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ rẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn sínú kókó ẹṣẹ́ pituitary, ẹṣẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ ọpọlọ ní ibi tí iṣan ìríran méjèèjì ti pàdé. Ọ̀pọ̀ tó ní in kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kókó wà níbẹ̀. Orí á fọ́ lójijì, ìríran ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì á ṣókùnkùn, ojú á sì lè má yí dáadáa mọ́. Níwọ̀n bí ẹṣẹ́ yìí ti ń darí họ́mọ̀nù tí ara kò lè ṣe aláìní nígbà ìnira, abẹ́rẹ́ hydrocortisone ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kódà kí wọ́n tó ronú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa gba imú ṣe. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí aneurysm rẹ̀ bẹ́ lè ní ẹ̀jẹ̀ nínú ẹyinjú pẹ̀lú. Bí ó bá jí tó sì ń sọ pé òun kò ríran, ẹ má rò pé ọkàn rẹ̀ ló dàrú, ẹ ní kí dókítà ojú wò ó.

Kókó lẹ́yìn ojú: ibi tí ẹ ti lè fara balẹ̀

Ihò eegun tí ẹyinjú wà nínú rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí mílílítà 30 lọ, nítorí náà ohun kékeré tó bá hù síbẹ̀ á ti ojú síwájú. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yẹ̀ ẹ́ wò nínú ilé. Ẹ ní kí onítọ̀hún jókòó, kí ó gbé àgbọ̀n sókè, kí ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ sì wo ojú méjèèjì láti òkè orí. Bí ọ̀kan bá yọ ju èkejì lọ ní mílímítà 2, dókítà á fẹ́ mọ̀. Ẹ wá àwọn fọ́tò àtijọ́ jáde, kí ẹ fi mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ó ṣe yára tó ń sọ irú ohun tó jẹ́. Ẹ bo ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi nǹkan pupa kan hàn án: bí pupa bá ṣá lójú kan ju ojú kejì lọ, ó ṣeé ṣe kí iṣan ìríran ti máa jìyà, kódà bí ó bá ṣì lè ka lẹ́tà. Dídín ìríran kù ni àmì tó ń dín àkókò tí ẹ ní kù.

Kì í ṣe gbogbo ojú tó yọ síta ni kókó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára àgbàlagbà, àìsàn ẹṣẹ́ tírọ́ídì ló ń fà á jù lọ, ìbáà jẹ́ ojú kan tàbí méjèèjì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán sì lè fi í hàn. Ojú tó yọ pẹ̀lú ibà, tó pupa, tó sì ń ro, àkóràn ni, pàjáwìrì sì ni. Ojú tó ń lù kìkì bí àyà ṣe ń lù, tó pupa, tí aláìsàn sì ń gbọ́ ariwo bí ẹ̀fúùfù nínú orí, iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló ti ṣí sí ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni ojú rẹ̀ ń yọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ìfarabalẹ̀ tí mo ń sọ kúrò ńlẹ̀: jẹjẹrẹ iṣan ẹran tí wọ́n ń pè ní rhabdomyosarcoma máa ń yára bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń gba ìtọ́jú dáadáa bí wọ́n bá tètè fi oògùn jẹjẹrẹ àti ìtànṣán tọ́jú rẹ̀.

Fún àwọn yòókù, ẹ béèrè MRI, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ òòfà yà, tí wọ́n fi oògùn àwòrán sí, pẹ̀lú CT tó máa fi eegun hàn. Orúkọ kókó náà ló ń pinnu ohun gbogbo. Kókó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cavernous haemangioma ló wọ́pọ̀ jù lára àgbàlagbà. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó ní awọ tirẹ̀, bí kò bá sì ba ìríran jẹ́, wọ́n lè máa fi àwòrán ṣọ́ ọ lásán fún ọdún púpọ̀. Lymphoma, ìyẹn jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, kò nílò ju kí wọ́n gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò, nítorí ìtànṣán àti oògùn ló ń wò ó. Kókó tó dì mọ́ ara iṣan ìríran tí wọ́n ń pè ní meningioma, bí wọ́n bá fi abẹ bó o, ó sábà máa ń fọ́ ojú náà, torí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń bọ́ méjèèjì. Ìtànṣán tí wọ́n pín sí nǹkan bí ìgbà 25 sí 30 ló sàn jù fún èyí tó pọ̀ nínú wọn. Kókó tó ń hù nínú iṣan ìríran gan-an lára ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní glioma, pàápàá ọmọ tó ní àmì àwọ̀ kọfí káàkiri ara, lè dúró láìdàgbà rárá. Bí ó bá ń dàgbà, oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Kókó ẹṣẹ́ omijé kan sì wà tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í gé díẹ̀ lára rẹ̀ rárá, odindi ni wọ́n máa ń yọ ọ́, kí ó má bàa fọ́n ká kó sì padà wá. Ẹ wo bó ṣe rí: ihò kan náà, ojú kan náà tó yọ, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ìwòsàn fún ọ̀kan ni ìparun fún èkejì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gé ohun tí kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ yẹ kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín.

Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé

Ìlànà kan ni oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ ń tẹ̀ lé: kò ní gba orí iṣan ìríran kọjá lọ bá kókó. Bí kókó bá wà ní ìhà etí, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ojú, ọ̀nà tí Rudolf Krönlein ṣàpèjúwe ní ìparí ọ̀rúndún 19. Bí ó bá wà ní ìhà imú tàbí nísàlẹ̀, wọ́n lè gba ihò imú pẹ̀lú kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni iṣẹ́ náà já lé léjìká pátápátá nígbà tí kókó bá wà ní góńgó ihò ojú, tó wọ ihò tí iṣan ìríran gbà lọ sínú agbárí, tàbí tó jẹ́ meningioma tó hù láti ara awọ tó bo ọpọlọ, tó sì mú kí eegun ẹ̀gbẹ́ orí nípọn. Nígbà náà wọ́n á la awọ orí lẹ́yìn ibi tí irun iwájú orí ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gé eegun, wọ́n á rọra gbé ọpọlọ díẹ̀, wọ́n á sì gbẹ́ eegun tó ń fún iṣan ìríran kúrò. Ìgbà mìíràn wọ́n máa mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ lára kókó sílẹ̀ níbi tó ti lẹ̀ mọ́ iṣan pàtàkì. Ó yẹ kí ẹ bá dókítà sọ ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú, kí ẹ mọ èyí tí òun àti aláìsàn jọ fẹ́: kí kókó tán, tàbí kí ojú ṣì máa ríran.

Ẹ béèrè iye irú rẹ̀ tí ó ti ṣe, bóyá dókítà ojú máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n kò bá ṣe nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ máa ń fi hàn bóyá iṣẹ́ abẹ náà jẹ́ dandan.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ojú á wú, ìpéǹpéjú á pa dé, á sì dúdú fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìyẹn kò burú. Èyí tó burú ni kí ìrora pọ̀ sí i lójijì, kí ojú le gbandi, kí ìríran sì máa lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti ń kóra jọ lẹ́yìn ojú nìyẹn, nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀ sì ni ìríran lè fara dà á kó tó bàjẹ́ pátápátá. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ẹ ní kí dókítà wá tú ẹ̀jẹ̀ tó ń fún ojú náà sílẹ̀ kí ó tó wá àwòrán. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹnì kan máa béèrè ní òru àkọ́kọ́ pé, “Ṣé ẹ rí iná yìí?”

Ẹni tí wọ́n gba imú ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò gbọ́dọ̀ fun imú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí omi mímọ́ gaara bá ń kán láti imú rẹ̀ nígbà tó bá tẹrí ba, ẹ dá a padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí omi ọpọlọ lè ni. Oògùn gìrì tí wọ́n bá fún ẹni tí wọ́n ṣí orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró lójijì. Rírí nǹkan kan ní méjì sábà máa ń dín kù láàárín oṣù mélòó kan, awò tó ní prism, ìyẹn gíláàsì tó ń yí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ padà, sì lè ràn án lọ́wọ́ títí dìgbà yẹn. Kó má wa ọkọ̀ títí dókítà á fi yẹ bí ìríran rẹ̀ ṣe gbòòrò tó wò. Ní ti meningioma, ẹ kọ ọjọ́ MRI tó kàn sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, kí ẹ sì máa bá a lọ kódà bí gbogbo àwòrán ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ bá dára, nítorí pé ó lè padà lẹ́yìn ọdún 10 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.